Má ti orí ìwé ìhágún bẹ̀rẹ̀: títọpa ìdílé onílẹ̀ ní Virginia àti Maryland àtijọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá ìdílé onílẹ̀ kan láyé tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso Amẹ́ríkà, ìwé ìhágún ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré wá. Wọ́n á rí ojú ìwé kan tí bàbá ti pín ogún fún ọmọ mẹ́rin, wọ́n á kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, wọ́n á pa ìwé dé. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí bàbá ṣì fẹ́ fún ní nǹkan lọ́jọ́ tó ń kọ ọ́ ni ìwé ìhágún ń dárúkọ. Ọmọ tó ti gba ilẹ̀ tirẹ̀ lọ nígbà tó gbéyàwó lè máà sí níbẹ̀ rárá. Ìwé kóòtù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí: gbèsè, ìjà, owó orí, màlúù tó jẹ oko olóko. Àwọn tó wá jẹ́rìí lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé ìtàn ìdílé làwọn ń sọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi wúlò tó bẹ́ẹ̀.

Anthony Johnson ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí kì í ṣe ìwé ìhágún rẹ̀ la fi mọ àwọn ọmọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni, ó dé Virginia láìní òmìnira, ó sì padà di onílẹ̀ ní Eastern Shore, ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín òkun Atlantic àti omi Chesapeake. Nínú ìkànìyàn ọdún 1625, ẹnì kan tí wọ́n kọ ní “Antonio a Negro” wà lóko Bennett ní Warresquioake. Wọ́n kọ ọkọ̀ tó gbé e wá, James, àti ọdún tó dé, 1621. “Mary a Negro Woman” wà lóko kan náà: ọkọ̀ Margaret and John, 1622. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Antonio yìí ló padà ń jẹ́ Anthony Johnson. Àwa tó ń wá ni a ó so ó pọ̀, a sì gbọ́dọ̀ lè fi ohun tí a fi so ó hàn.

Ohun náà wà nínú ìwé kóòtù Northampton, káúńtì (àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀) tó wà ní Eastern Shore yẹn. Iná jó dúkìá Anthony, òun àti Mary ìyàwó rẹ̀ sì lọ bẹ̀bẹ̀ ní kóòtù. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kejì, ọdún tí àwa ń kà sí 1653, àwọn adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí tọkọtaya yìí ti ń gbé Virginia, wọ́n sì yọ Mary àti ọmọbìnrin Anthony méjì kúrò nínú sísan owó orí títí ọjọ́ ayé wọn. Ẹ yọ ọgbọ̀n kúrò lára 1653, ó di 1623. Àwọn méjèèjì tí ìkànìyàn sọ pé wọ́n dé ní 1621 àti 1622 bọ́ sójú “ó lé ní ọgbọ̀n” gẹ́lẹ́. Kì í ṣe orúkọ nìkan la fi mú wọn: orúkọ, iye ọdún, àti pé ọkùnrin àti obìnrin náà jọ hàn níbi méjèèjì.

Kí ló dé tí obìnrin fi ń san owó orí? Òfin Virginia ti 1643 ló fi owó orí lé obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti pé ọmọ ọdún 16. Obìnrin òyìnbó kì í san án. Ẹni tí kò bá mọ òfin yìí á ka ìwé náà tán láì mọ ìdí tí wọ́n fi mẹ́nu kan àwọn ọmọbìnrin, tí wọn kò sì mẹ́nu kan ọkùnrin kankan lára àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o: torí pé ìyọ̀ǹda náà jẹ́ ti ọjọ́ ayé wọn, kò fi hàn dandan pé àwọn ọmọbìnrin náà ti pé 16 lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn ọmọkùnrin ńkọ́? Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ 8 oṣù Kẹta 1655, ẹjọ́ John Casor, aláwọ̀ dúdú tó ń sin Johnson, dé kóòtù. Casor ní ọdún méje tàbí mẹ́jọ lòun ní láti fi sìn, àti pé Johnson ti fi ọdún méje dá òun dúró lé e. Samuel Goldsmith, tó lọ sílé Johnson láti gba àgbá tábà kan, jẹ́rìí pé ẹ̀rù ba Johnson, àti pé àna rẹ̀ ọkùnrin, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjì rọ̀ ọ́ pé kó dá Casor sílẹ̀. Ẹ wo iye èèyàn tó jáde lẹ́nu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó jẹ́ pé tábà ló wá gbà! Lẹ́yìn èyí, Johnson gbé Robert Parker, ọ̀gá tuntun tí Casor bá lọ, lọ sí kóòtù, kóòtù sì dá Casor padà fún un. Ó dunni pé ojú ìwé tó fi ìdílé yìí hàn jù lọ ni ojú ìwé tí ẹlòmíì ti pàdánù òmìnira rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìwé ayé ìgbà yẹn ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìwé ilẹ̀ ló wá fún àwọn ọmọkùnrin méjèèjì lórúkọ: John gba éékà 550 lọ́jọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1652, Richard sì gba éékà 100 ní 1654. Kò tíì sí ìwé ìhágún kankan tí a ṣí, a sì ti ní bàbá, ìyá, ọmọkùnrin méjì, ọmọbìnrin méjì àti àna kan.

Ẹ padà wo àwọn déètì tí mo kọ yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Títí di 1752, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí akọ̀wé kóòtù kọ sórí ẹ̀bẹ̀ àwọn Johnson ni oṣù Kejì 1652, kì í ṣe 1653. Ti Casor jẹ́ oṣù Kẹta 1654. Nínú ìwé wọn, oṣù Kejì 1652 wá LẸ́YÌN oṣù Karùn-ún 1652. Ẹni tí kò mọ èyí á sọ pé iná jó Anthony kí John tó gba ilẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ló ṣáájú iná. Irú ìwé ìhágún tí wọ́n kọ ní oṣù Kọkànlá 1680 tí kóòtù sì gbà wọlé ní oṣù Kejì 1680 kì í ṣe àṣìṣe akọ̀wé. Ọdún méjèèjì ni kí ẹ máa kọ, 1652/53, fún gbogbo ọjọ́ tó bọ́ sáàárín ọjọ́ 1 oṣù Kíní àti ọjọ́ 24 oṣù Kẹta. Tí ẹ bá sì rí “first month” nínú ìwé àwọn Quaker (ìjọ Kristẹni kan) ṣáájú 1752, oṣù Kẹta ni wọ́n ń wí.

Ẹ̀yìn déètì ni ààlà káúńtì. Accomack ni wọ́n ń pe gbogbo ilẹ̀ tóóró yẹn ní 1634. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Northampton ní nǹkan bí 1643. Ní 1663 wọ́n gé apá òkè, wọ́n sì dá orúkọ Accomack padà fún un. Èèyàn lè jókòó sójú kan kí orúkọ káúńtì rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn Johnson kò tilẹ̀ jókòó sójú kan. Ní nǹkan bí 1665 wọ́n kó lọ sí Maryland, sí ibi tó di káúńtì Somerset ní 1666, Anthony sì yá ilẹ̀ éékà 300 níbẹ̀. Kí 1670 tó parí, ó ti kú. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn tí wọ́n búra fún láti gbọ́ ẹjọ́ ní Accomack sọ pé ọba lè gba ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ ní Virginia, torí pé aláwọ̀ dúdú ni, àjèjì sì ni nítorí èyí. Ní 1672 Mary mú kí wọ́n kọ màlúù tó fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sínú ìwé ní Somerset. Ní 1677 ọmọ-ọmọ kan, John tó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ra éékà 44, ó sì sọ ilẹ̀ náà ní Angola. Ìlà ìran mẹ́ta nìyẹn, káúńtì mẹ́ta, ìjọba méjì. Ẹni tó bá jókòó ti Northampton nìkan á sọ pé ìdílé náà parun.

Ilẹ̀ tún yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Ní Virginia ìgbà yẹn, ẹni tó bá san owó ọkọ̀ èèyàn kan wọ̀lú ní ẹ̀tọ́ sí éékà 50 lórí ẹni náà. Orúkọ 5 ló fún Anthony ní éékà 250 ní oṣù Keje 1651. Orúkọ 11 ló fún John ní 550. Ẹ ka orúkọ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ọdún yẹn ni wọ́n dé, tàbí pé ẹni tó gba ilẹ̀ ló mú wọn wá. Wọ́n máa ń ta ẹ̀tọ́ yìí bí ẹni ta ọjà, ó sì lè wà nínú àpótí fún ọdún mẹ́wàá kí ẹnì kan tó lò ó. Richard Johnson kan wà lára orúkọ márùn-ún Anthony; orúkọ yẹn nìkan kò tó láti fi pè é lọ́mọ.

Ẹ ya ilẹ̀ náà sórí bébà onílà. Póòlù ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀: póòlù kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 àti ààbọ̀, éékà kan sì jẹ́ póòlù 160 níbùú lóròó. Éékà 250 di 40,000, ìyẹn ni pé tí ilẹ̀ náà bá dọ́gba nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, póòlù 200 ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà kan. Ẹ fi ìlà kan ṣojú póòlù 20, kí ẹ máa tẹ̀ lé ìtọ́sọ́nà tó wà nínú ìwé láti igi dé odò, títí ẹ ó fi padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tí ìlà ìkẹyìn kò bá pàdé ti àkọ́kọ́, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹni tó da ìwé náà kọ fo ìlà kan, tàbí ó kọ àríwá síbi gúúsù. Ẹ ya ti àwọn aládùúgbò náà kí ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ibi tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ni wọ́n ti ń fẹ́ra wọn, àwọn tó pààlà pẹ̀lú yín lórí bébà yẹn ni ẹ ó tún bá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, àna àti alágbàtọ́ ọmọ. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, mi ò sì mọ ohun mìíràn tó ń san èrè tó o.

Nínú ìwé títà ilẹ̀, ọ̀fìn kan wà: ìwé méjì tí ọjọ́ wọn tẹ̀ léra. Ti àkọ́kọ́ á ní wọ́n yá ẹnì kan ní ilẹ̀ fún ọdún kan ní ṣílè márùn-ún, ti ọjọ́ kejì á wá jọ̀wọ́ ilẹ̀ náà fún un pátápátá. Ọgbọ́n òfin ni, títà ni méjèèjì jọ jẹ́. Ẹni tó bá rí ti àkọ́kọ́ nìkan á máa pe ẹni tó ra ilẹ̀ ní ayálégbé. Ẹ sì wo ìsàlẹ̀ ìwé bóyá wọ́n pe ìyàwó ẹni tó tà á sí ìkọ̀kọ̀, tó sì gbà láti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Opó ní ẹ̀tọ́ sí ìdá mẹ́ta ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ títí yóò fi kú, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ra ilẹ̀ fi ń fẹ́ kí ìyàwó sọ̀rọ̀. Nígbà míì, ibẹ̀ nìkan ni orúkọ ìyàwó ti hàn.

Ó wá kan ìwé ìhágún wàyí. Ọjọ́ méjì ló wà lórí rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti ọjọ́ tí kóòtù gbà á. Àárín méjèèjì ni ikú bọ́ sí. Ẹ má kọ èyíkéyìí nínú wọn sílẹ̀ bí ọjọ́ ikú.

Yorùbá tó bá gbé ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí lọ kà á yóò ṣìnà. Ní Virginia, tí onílẹ̀ bá kú láì kọ nǹkan kan, àkọ́bí ọmọkùnrin ló ń kó gbogbo ilẹ̀. Ọdún 1785 ni wọ́n ṣòfin tó fòpin sí i. Nítorí náà, àkọ́bí tí bàbá kò dárúkọ lè jẹ́ ẹni tó ní jù lọ, torí òfin ti fún un. Èyí tí wọ́n fi ṣílè kan ṣoṣo sílẹ̀ fún náà kì í ṣe ọmọ burúkú dandan. Ó ti lè gba tirẹ̀, ṣílè yẹn sì wà kó má baà sọ pé bàbá gbàgbé òun. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ tún padà sídìí ilẹ̀. Tí bàbá bá gba éékà 250, tí kò sí ìwé pé ó tà á, tí ẹnì kan tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé rẹ̀ wá tà á ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ẹ ti rí àkọ́bí tàbí ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Orúkọ ẹbí tún ń tan èèyàn jẹ. Nínú ìwé ìgbà yẹn, “cousin” lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò. “Son-in-law” lè jẹ́ ọkọ ọmọ, ó sì lè jẹ́ ọmọ tí ìyàwó bí fún ọkọ àkọ́kọ́. Àna Anthony tí mo dárúkọ lókè náà wà nínú ewu yìí. Ohun tó jẹ́ kí n pè é ní ọkọ ọmọ ni pé kóòtù ti kọ ọ́ ṣáájú pé Anthony ní ọmọbìnrin méjì. “Senior” àti “Junior” kì í ṣe bàbá àti ọmọ ní gbogbo ìgbà: àgbà àti kékeré lásán ni láàárín ẹni méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ládùúgbò, tí àgbà bá sì kú, Junior á di Senior. Ní Northampton, John Johnson ju ẹyọ kan lọ. Ẹ ya wọn sọ́tọ̀ pẹ̀lú ilẹ̀, ìyàwó, àti àmì tí ẹni tí kò mọ̀wé kọ fi sábẹ́ ìwé. Àmì yìí kì í sábà yí padà, ẹ wò ó dáadáa.

“Orphan” ni ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá lè wà láàyè pẹ̀lú ara líle. Tí ọmọkùnrin bá lọ sí kóòtù fúnra rẹ̀ láti yan alágbàtọ́, ó ti pé 14, kò sì tíì pé 21. Ẹ lè fi ìyẹn há ọdún ìbí rẹ̀ mọ́. Opó kì í pẹ́ kó tó tún lọ́kọ, orúkọ rẹ̀ á sì yí padà láàárín ìwé kan sí èkejì. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa wá ni “relict”, ìyẹn opó ẹni báyìí. Ọkùnrin àjèjì tó ṣàdédé ń gba gbèsè olóògbé ní kóòtù, ó sábà máa ń jẹ́ ọkọ tuntun ni.

Ní Virginia, kóòtù káúńtì ló ń gba ìwé ìhágún wọlé. Ní Maryland, kóòtù kan ṣoṣo ló ń bójú tó ogún fún gbogbo ilẹ̀ náà títí di 1777, Prerogative Court, ìwé rẹ̀ sì wà ní ilé àkójọ ìwé ìpínlẹ̀ ní Annapolis. Ẹni tó ń wá ará Somerset nínú ìwé káúńtì nìkan ti fi ìdajì sílẹ̀. Ti Virginia wà ní Library of Virginia ní Richmond, FamilySearch, ìkànnì àwọn tó ń wá ìtàn ìdílé, sì ti ya ọ̀pọ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé Northampton kò já láti 1632 títí dòní, oríire ńlá ni. Wọ́n dáná sun kóòtù New Kent ní 1787. Ìwé James City jóná ní Richmond nígbà tí ogun abẹ́lé ń parí lọ ní 1865. Tí káúńtì yín bá wà lára àwọn tó jóná, ìwé ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba ṣì wà, ìwé owó ilẹ̀ ọdún 1704 wà, kóòtù káúńtì tó múlé tì í sì wà. Onígbèsè kì í dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ààlà.

Ìwé atọ́ka kò tó. Ẹni tó kú tàbí ẹni tó pẹjọ́ ni wọ́n sábà ń fi síbẹ̀, ẹlẹ́rìí bíi Goldsmith kì í sí níbẹ̀, ẹni tí wọ́n kàn dárúkọ nínú ẹ̀rí kò sì lè sí níbẹ̀. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kà, ọdún márùn-ún ṣáájú ikú àti mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Ìkọ̀wé ọdún 1600 sí 1700 le: “ff” méjì ni F ńlá, “s” gígùn jọ f, I àti J jẹ́ ọ̀kan náà, “ye” sì ni “the”. Ẹ wá ojú ìwé kan tí orúkọ oṣù àti orúkọ àwọn adájọ́ tí ẹ ti mọ̀ wà, kí ẹ fi ya lẹ́tà akọ̀wé yẹn síbì kan láti A dé Z. Tí akọ̀wé bá yí padà, ẹ tún un ṣe. Ẹ rántí pé ohun tí ẹ ń kà jẹ́ àdàkọ tí akọ̀wé dà sínú ìwé ńlá; “Johnson” lè di “Jonson” tàbí “Johnston” láàárín ìlà mẹ́ta.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í dúró kà ni àkójọ ẹrù olóògbé. Láàárín ìkòkò irin, bẹ́ẹ̀dì, àgbá tábà àti màlúù, ẹ ó rí orúkọ àwọn tí wọ́n fi ṣe ẹrú, orúkọ kan ṣoṣo láìsí ti bàbá, pẹ̀lú iye tí wọ́n dá lé wọn lórí pọ́n-ùn tábà tàbí owó. Fún ẹni tó ń wá àwọn baba ńlá rẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú, ìwé onílẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀nà pàtàkì kan. Ẹ da orúkọ wọn kọ tẹ̀ lé bí ó ṣe wà, ẹ má tò ó ní A, B, D, torí ìyá àti ọmọ ọwọ́ sábà máa ń wà ní ìlà tó tẹ̀ léra, tí wọ́n sì dá iye kan ṣoṣo lé àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé tí wọ́n fi pín ogún náà, tó lè jẹ́ ọdún kan tàbí méjì sí i, kí ẹ kọ ọmọ onílẹ̀ tó mú ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin onílẹ̀ tó bá ti lọ́kọ á mú tirẹ̀ lọ sí káúńtì ọkọ, orúkọ ọkọ yẹn sì ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.